Ẹ̀tọ́ Ìṣọ́ àti Ẹ̀tọ́ Ìpamọ́: Àyẹ̀wò Kámẹ́rà Aṣọ́lé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Nínú Òfin Ìsìláàmù

Ìfáàrà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ń rí ohun gbogbo, tí ojú kankan kò sì lè ká A mọ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Nígbà kan, ilé ìfowópamọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ilé àwọn ọlọ́lá díẹ̀ ni a ti ń rí kámẹ́rà aṣọ́lé ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Lónìí, ó ti dé ẹnu ọ̀nà ilé àdáni, ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, ilé ìtajà oògùn, ilé-kéwú àti mọ́sálásí. Ìdí tí ó fi tàn kálẹ̀ kò fara sin fún ẹnikẹ́ni: ẹ̀rù olè, ẹ̀rù ajínigbé, àti àìgbọ́kànlé àwọn tí a fi ṣọ́ nǹkan. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí bá wá béèrè lọ́wọ́ àwọn àáfáà bóyá ó tọ́ kí àwọn gbé e kọ́, ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń gbà ni pé ó tọ́, nítorí pé ìdáàbòbò ohun ìní jẹ́ ohun tí ẹ̀sìn pa láṣẹ.

Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò pé. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e ni pé: ta ni kámẹ́rà náà ń wò, níbo ni ó ti ń wò ó, ta ni ó sì mú kọ́kọ́rọ́ ohun tí ó rí lọ́wọ́? Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kámẹ́rà kì í ṣe àjèjì pátápátá sí òfin tí a jogún nínú mazhab Imām Mālik, èyí tí àwọn Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀ lé jù lọ. Fèrèsé ni í ṣe. Ìdájọ́ fèrèsé ni ó sì yẹ kí a fi ṣe ìpìlẹ̀ ìdájọ́ rẹ̀, kí a tó wo ibi tí ó ti ju fèrèsé lọ. Ẹ̀tọ́ láti ṣọ́ ilé kò di ẹ̀tọ́ láti yọjú wo ọmọnìkejì.

Bí Kámẹ́rà Náà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Àwọn onímọ̀ fiqh gbà pé ọmọ ìmọ̀ ni ìdájọ́. Ẹni tí kò bá mọ bí nǹkan ti rí kò lè dá ẹjọ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Kámẹ́rà ti àtijọ́ ń fi wáyà gbé àwòrán lọ sínú ẹ̀rọ kan nínú ilé, ẹni tí ó bá sì dúró níwájú ẹ̀rọ náà nìkan ni ó lè rí i. Ti ìsinsìnyí yàtọ̀. Ó ń gba Wi-Fi tàbí káàdì SIM kọjá sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwòrán rẹ̀ ń gba inú kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ òkèèrè kọjá, kí ó tó dé orí fóònù onílé. Nítorí náà, ẹni tí ó wà ní Mẹ́kà fún iṣẹ́ Hájì lè máa wo ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Kaduna. Ẹ̀dà àwòrán náà lè wà nínú káàdì tí ó wà lára kámẹ́rà, ó lè wà nínú ẹ̀rọ ìkópamọ́ nínú ilé, ó sì lè wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà.

Púpọ̀ nínú wọn ń yí ọrùn káàkiri, wọ́n ń ríran nínú òkùnkùn pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò rí, wọ́n sì ń gbọ́ ohùn. A tilẹ̀ ti ń ta èyí tí wọ́n ṣe bí gílóòbù iná, tí àlejò yóò jókòó sábẹ́ rẹ̀ láìmọ̀ pé a ń wo òun. Ohun mìíràn ni pé onílé kì í sábà gbé e kọ́ fúnra rẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni yóò gbé e kọ́, tí yóò yan páásíwọ́ọ̀dù, tí yóò sì fi fóònù tirẹ̀ dán an wò kí ó tó kọjá sí orí fóònù onílé. Bí onílé kò bá pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù náà, kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ kan ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn nìyẹn.

Ẹ̀tọ́ Láti Ṣọ́ Ohun Ìní

A kò gbọdọ̀ fojú kéré ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ń ṣọ́ ilé rẹ̀. Imām al-Ghazālī, ẹni tí ó kú ní ọdún 505 lẹ́yìn Híjírà (1111), ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ al-Mustaṣfā pé ohun márùn-ún ni òfin Ọlọ́hun wá láti dáàbò bò: ẹ̀sìn, ẹ̀mí, làákàyè, ìran ọmọ àti ohun ìní. Àwọn hádíìsì tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fi yé wa pé ẹni tí ó bá kú níbi tí ó ti ń gbèjà ohun ìní rẹ̀ wà nínú àwọn tí a kà sí ajẹ́rìíkú. Hádíìsì tí al-Tirmidhī gbà wá láti ọ̀dọ̀ Anas sì kọ́ wa pé kí a so ràkúnmí mọ́lẹ̀ ná kí a tó gbára lé Ọlọ́hun. Àwọn Yorùbá náà rí i bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò dá oníṣòwò lẹ́bi pé ó dí ihò ara ogiri rẹ̀. Níbi tí àwọn ọlọ́pàá kì í ti í tètè dé, tí a sì ń jí ènìyàn gbé, kámẹ́rà lè di ààlà láàárín ìyè àti ikú.

Ẹ̀tọ́ Ojú àti Òfin Fèrèsé

Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀tọ́ yìí ni ẹ̀tọ́ mìíràn wà. Súrà al-Nūr, ẹsẹ 27 àti 28, pa á láṣẹ fún onígbàgbọ́ pé kò gbọdọ̀ wọ ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ láìtọrọ ìyọ̀ǹda kí ó sì kí àwọn ará ibẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí ó padà, kí ó padà. Nínú hádíìsì tí al-Bukhārī àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Sahl ọmọ Saʿd, ọkùnrin kan gba ihò ẹnu ọ̀nà yọjú wo inú iyàrá Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ànábì fi yé e pé ì bá ṣe pé òun mọ̀ pé ó ń wo òun ni, ohun ìyarun tí ó wà lọ́wọ́ òun ni òun ì bá fi gún un lójú. Ó sì ṣàlàyé pé nítorí ojú gan-an ni a fi ṣe òfin ìtọrọ ìyọ̀ǹda. Ọkùnrin yìí kò gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ojú rẹ̀ nìkan ni ó wọlé, èyí náà sì tó láti sọ ọ́ di arúfin. Ẹni tí ó bá ń sọ pé kámẹ́rà òun kò wọ ilé ẹnikẹ́ni nítorí pé ara ògiri òun ni ó wà, kí ó ronú sí hádíìsì yìí.

Àwọn onímọ̀ mazhab Mālik gbé ìlànà yìí lọ sí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́. Ìwé al-Mudawwana ti Saḥnūn, ẹni tí ó kú ní Qayrawān ní ọdún 240 (854), gbà á wá pé a kọ̀wé sí Kálífà ʿUmar nípa ẹnì kan tí ó kọ́ iyàrá òkè tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ilé aládùúgbò. ʿUmar kò wó iyàrá náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ibùsùn sí ẹ̀yìn fèrèsé, kí ọkùnrin kan dúró lé e lórí. Bí ó bá rí inú ilé aládùúgbò, kí wọ́n kọ fèrèsé náà fún onílé. Bí kò bá rí i, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìwé al-Risāla ti Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī (ó kú ní ọdún 386/996), tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ònkàwé wa kà ní ilé-kéwú, náà sọ ọ́ ní kedere: ènìyàn kò gbọdọ̀ la fèrèsé tí yóò máa tú àṣírí aládùúgbò rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ohun ìní tirẹ̀ ni ó wà. Gbólóhùn ìparí yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ fún wa. Òfin kò béèrè pé ta ni ó ni ògiri. Ohun tí a ń rí láti ara ògiri ni ó béèrè.

Ìlànà yìí kò dúró sínú ìwé nìkan. Ẹni tí ó bá wo ilé àtijọ́ ní Kano, Zaria tàbí Katsina yóò rí zaure, iyàrá ẹnu ọ̀nà tí àlejò ọkùnrin ń dúró sí. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kì í sábà kọjú tààrà sí àgbàlá níbi tí àwọn obìnrin ẹlẹ́hàá wà. Àwọn mọlémọlé ti fi amọ̀ kọ òfin ìtọrọ ìyọ̀ǹda sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kan ṣoṣo tí aládùúgbò gbé sórí òpó gíga, tí ó ń yí ọrùn káàkiri, lè sọ gbogbo ètò náà di asán. Obìnrin tí ó wà nínú àgbàlá rẹ̀ láìwé gèlè kò ṣẹ̀. Fèrèsé ni a là sí i lórí láìbéèrè.

Ibi Tí Kámẹ́rà Ti Ju Fèrèsé Lọ

Ọ̀nà mẹ́ta ni kámẹ́rà fi le ju fèrèsé lọ. Èkíní, kì í sùn, kì í sì í gbàgbé. Ẹni tí ó yọjú lójú fèrèsé rí ohun tí ó rí ní ìṣẹ́jú kan. Kámẹ́rà ń kó ti oṣù kan pamọ́. Èkejì, ẹni tí a ń wò lójú fèrèsé lè rí ẹni tí ń wo òun kí ó sì bora. Ẹni tí kámẹ́rà ń wò kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí ó burú jù, ni pé onílé fúnra rẹ̀ kò mọ gbogbo ojú tí ó wà ní ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀.

Àpẹẹrẹ èyí kò jìnnà. Ní ọdún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai wọ inú ọ̀kẹ́ àìmọye kámẹ́rà káàkiri ayé. Kò fọ́ ilẹ̀kùn kankan. Páásíwọ́ọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ fi sí kámẹ́rà láti ilé ni ó ń dán wò, tí àwọn onílé kò sì pààrọ̀. Ní ọdún náà, ọkùnrin kan fi irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ tí ó ti kó lẹ́rú kọ lu ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ Lonestar ní orílẹ̀-èdè Làìbéríà, ó sì ba íntánẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ́. Ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Ẹ wò ó: ohun tí àwọn ènìyàn rà láti fi lé olè di ohun ìjà tí a fi ni ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lára, àwọn tí wọ́n rà á kò sì mọ̀.

Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2023 ẹ̀wẹ̀, àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan Ring, ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà tí ó jẹ́ ti Amazon, pé ó jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láǹfààní láti wo fídíò àwọn oníbàárà, àti pé ọ̀kan nínú wọn wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún fídíò àwọn obìnrin nínú iyàrá wọn. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó gbà láti san mílíọ̀nù 5.8 dọ́là kí ẹjọ́ náà lè parí. Ẹni tí ó gbé kámẹ́rà sínú iyàrá ìyàwó rẹ̀, ǹjẹ́ ó mọ iye ọkùnrin tí ó ti yọ̀ǹda fún?

Àtakò àti Ìdáhùn

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí kò bá ní ohun búburú láti ṣe kò ní ohun tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù. Èsì wa ni pé Súrà al-Nūr, ẹsẹ 58, kò bá ọ̀daràn wí. Ó pa á láṣẹ pé àwọn ẹrú inú ilé àti àwọn ọmọ tí kò tíì bàlágà pàápàá kí wọ́n máa tọrọ ìyọ̀ǹda ní ìgbà mẹ́ta: ṣáájú ìrun àsùbáà, ní ọ̀sán nígbà tí a bá bọ́ aṣọ sílẹ̀, àti lẹ́yìn ìrun ìṣáì. Ẹni tí ó bọ́ aṣọ láti sinmi kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Síbẹ̀, Ọlọ́hun pe àwọn ìgbà náà ní ìgbà ìhòòhò, Ó sì fi òfin yí wọn ká. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹni tí a ń wò títí kò tíì dé ilé.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé bí a kò bá tọpinpin, iṣẹ́ ibi yóò gbilẹ̀. Súrà al-Ḥujurāt, ẹsẹ 12, ti ka ìtọpinpin, èyí tí a ń pè ní tajassus, mọ́ àròsọ burúkú àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Nínú Ìḥyāʾ, al-Ghazālī mẹ́nu ba ìtàn tí wọ́n gbà wá nípa ʿUmar, pé ó gun ògiri wọlé, ó sì bá ọkùnrin kan nínú ẹ̀ṣẹ̀. Ọkùnrin náà dá a lóhùn pé bí òun bá ṣẹ Ọlọ́hun lọ́nà kan, Kálífà ti ṣẹ̀ Ẹ́ lọ́nà mẹ́ta: ó tọpinpin, ó gba ibi tí kì í ṣe ẹnu ọ̀nà wọlé, kò sì tọrọ ìyọ̀ǹda. ʿUmar fi í sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó gba ẹ̀jẹ́ ìrònúpìwàdà lọ́wọ́ rẹ̀. Al-Māwardī (ó kú ní ọdún 450/1058) sì ṣàlàyé nínú al-Aḥkām al-Sulṭāniyya pé olùtọ́jú ìwà ìlú kò gbọdọ̀ tú ohun tí ó fara sin, àyàfi bí àmì tí ó lágbára bá wà pé ewu tí kò ṣeé túnṣe fẹ́ ṣẹlẹ̀, irú bíi kí ẹni olóòótọ́ wá sọ pé ọkùnrin kan ti mú ẹlòmíràn wọ ibi kọ́lọ́fín láti pa á.

Ìlànà al-Māwardī yìí ni a lè fi dá ẹjọ́ ìyá tí ó fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọ náà kò lè sọ̀rọ̀, ewu rẹ̀ kò sì ṣeé túnṣe; ìyá lè gbé kámẹ́rà sí ibi tí ọmọ ń ṣeré, kí ó sì sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kò lè gbé e sí ibi tí ọmọ ọ̀dọ̀ náà ń sùn. Owó oṣù tí a ń san fún ènìyàn kò ra ara rẹ̀.

Àwọn Májẹ̀mú Kámẹ́rà Tí Ó Bófin Mu

Láti inú ohun tí a ti sọ, a lè fa májẹ̀mú méje yọ.

Èkíní ni èrò ọkàn. Kí onílé sọ ewu tí ó fẹ́ dènà. Ohun tí a gbà láyè nítorí ìnira, ìwọ̀n ìnira náà ni a gbọdọ̀ fi mọ. Kámẹ́rà tí a rà nítorí olè kò gbọdọ̀ di ti ìṣọ́ àlejò ìyàwó ayálégbé.

Èkejì ni ìdánwò ibùsùn ʿUmar. Kí a tó kan kámẹ́rà mọ́ ògiri, kí a wo orí fóònù ohun tí ó lè rí nígbà tí ó bá yí ọrùn dé òpin, nígbà tí a bá sì fa àwòrán súnmọ́. Bí inú ilé, fèrèsé tàbí àgbàlá aládùúgbò bá hàn, kí a sún un tàbí kí a fi ètò inú rẹ̀ bo apá ibẹ̀ dúdú. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ní ètò yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, ilé ẹjọ́ gíga ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fara mọ́ irú èrò yìí nígbà tí ó dájọ́ pé kámẹ́rà ilé tí ó ń wo ojú títì kò sí lábẹ́ àwíjàre ohun inú ilé nìkan.

Ẹ̀kẹta ni ìfilọ̀. Kí a kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ní èdè tí àwọn tí ń wọlé gbọ́. Kámẹ́rà tí ó hàn ń lé olè. Èyí tí ó fara sin ń mú ènìyàn ni.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn ibi èèwọ̀: iyàrá ìsùn, balùwẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, yàrá òṣìṣẹ́, àti nínú mọ́sálásí, ibi àlùwàlá àti ibi tí àwọn obìnrin ń kírun. Àpótí sàráà àti ibi tí a ń kó bàtà sí ni kámẹ́rà mọ́sálásí lè máa wò. Bí a bá fi zaure ṣe àkàwé, iyàrá ẹnu ọ̀nà ni àyè kámẹ́rà; kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀ lọ sínú ilé.

Ìkarùn-ún ni ohùn. Hádíìsì tí al-Bukhārī gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ibn ʿAbbās kìlọ̀ ìyà òjé yíyọ́ nínú etí fún ẹni tí ó bá ń fetí sí ọ̀rọ̀ àwọn tí kò fẹ́ kí ó gbọ́. Kí a pa ohùn kámẹ́rà, àyàfi bí ìdí tí ó lágbára bá wà.

Ìkẹfà ni ìtọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ohun àfisọ́ ni àwòrán ọmọnìkejì jẹ́ lọ́wọ́ onílé. Nítorí náà, dandan ni kí ó pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ilé-iṣẹ́ àti ti oníṣẹ́ ọwọ́, kí ó yọ fóònù oníṣẹ́ kúrò, kí ó lo ìfìdímúlẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀mejì bí kámẹ́rà bá ní i, kí ó sì máa gba àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ bá fi ránṣẹ́. A kò sọ èyí gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan. Ẹni tí ó bá fi ohun àfisọ́ sílẹ̀ láìti ilẹ̀kùn jẹ̀bi ohun tí olè bá kó níbẹ̀.

Ìkeje ni ọjọ́ ìparẹ́. Bí nǹkan kan kò bá ṣẹlẹ̀, kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ pa àwòrán rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ìtọ́jú àṣírí ọdún kan fún ohun tí ọ̀sẹ̀ kan tó fún ti kúrò ní ìṣọ́.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá wà ní ẹ̀gbẹ́ yìí. Abala 37 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ ọmọ Nàìjíríà sí ìpamọ́ ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 sì gbé ojúṣe lé àwọn oníṣòwò tí ń kó àwòrán ènìyàn pamọ́.

Àwòrán Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù tí ó kan ẹ̀mí. Lọ́pọ̀ ìgbà, oníṣọ́ọ̀bù tí ó rí àwòrán ẹni tí ó fura sí pé ó jí ọjà kì í gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá; orí WhatsApp àti Facebook ni ó ń gbé e sí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé olè nìyí. Ní ilẹ̀ tí a ti mọ̀ pé èrò lè fi táyà dáná sun ẹni tí a bá pè ní olè ní ọjà, ìdájọ́ ikú ni ọ̀rọ̀ yẹn lè já sí.

Ibn al-Qayyim (ó kú ní ọdún 751/1350) fi hàn nínú al-Ṭuruq al-Ḥukmiyya pé ohunkóhun tí ó bá mú òtítọ́ hàn lè jẹ́ ẹ̀rí níwájú adájọ́. Nípa èyí, àwòrán kámẹ́rà jẹ́ qarīnah, àmì tí ó ń tọ́ka sí òtítọ́. Ṣùgbọ́n àmì lè ṣini lọ́nà: ojú lè jọra, kámẹ́rà lè ṣì rí ẹni tí ó mú ọjà láìrí ibi tí ó ti san owó, kọ̀ǹpútà sì ti lè ṣẹ̀dá àwòrán ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rárá. Àwọn onímọ̀ gbà pé iyèméjì ń dènà ìjìyà ḥadd. Nítorí náà, àwòrán lè ṣí ìwádìí, ó lè ran adájọ́ lọ́wọ́, ó sì lè mú kí a dá ohun ìní padà. Kò lè sọ onílé di adájọ́, kò sì lè sọ èrò ọjà di apànìyàn. Súrà al-Ḥujurāt, ẹsẹ 6, ti pa á láṣẹ pé kí a wádìí ìròyìn kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn kan ní ibi, kí a tó wá kábàámọ̀.

Ìkádìí

Ìwé àwọn málákà tí ń kọ iṣẹ́ wa sílẹ̀ ti wà ṣáájú kámẹ́rà. Súrà al-Infiṭār, ẹsẹ 10 sí 12, pè wọ́n ní ẹni ọ̀wọ̀. Wọ́n ń rí, wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n wọn kì í tú àṣírí wa fún aládùúgbò. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ iṣẹ́ ọmọnìkejì sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ó kọ́ ìwà lọ́dọ̀ wọn.

Kámẹ́rà lè dí ọwọ́ olè lọ́nà. Kò lè wo ọkàn rẹ̀ sàn. Hádíìsì tí Abū Dāwūd gbà wá láti ọ̀dọ̀ Muʿāwiya tilẹ̀ kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń tọpinpin àṣírí àwọn ènìyàn yóò bà wọ́n jẹ́, tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà wọ́n jẹ́, nítorí pé ẹni tí ó bá kọ́ láti ṣe rere nítorí ojú kámẹ́rà yóò ṣe ibi ní ọjọ́ tí iná bá lọ. Àwọn baba wa máa ń sọ fún amòòkùn-jalè pé bí ọba ayé kò rí i, tọ̀run ń wò ó. Kí àwa àáfáà, olùkọ́ àti òbí má ṣe fi iṣẹ́ gbígbin ìmọ̀ yìí sọ́kàn ọmọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Kí ẹni tí ó fẹ́ gbé kámẹ́rà kọ́ gbé e kọ́ ní ẹnu ọ̀nà, kí ó ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí ó sì rántí pé òun náà wà lábẹ́ ìṣọ́ Ọba tí kì í tòògbé. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jù lọ.